Òkè Pẹtẹ́ẹ̀sì Tí Mo Kọ́ fún Naum

Ẹ̀gbẹ́ Odò Dragor,
Bitola.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin.

Ratka, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Pande ọkọ rẹ, mo sì kí Jana, ọmọ ọmọ mi. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí òtútù Ljubljana má rí yín gbé ṣe, kí iṣẹ́ má sì wọ̀ yín lọ́rùn jù. Ní tèmi, ara le níwọ̀n tí ara arúgbó máa ń le: eékún ọ̀tún a máa dùn mí kí òjò tó rọ̀, ti òsì a sì máa dùn mí nígbà tó bá dá. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já pé mo kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ló gùn, bí mo bá sì fẹnu sọ ọ́, n kò ní dé ìdajì rẹ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọ. O kúkú mọ̀ mí.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé mo ti tún òkè pẹtẹ́ẹ̀sì wa ṣe, mo fẹ́ fi gba ayálégbé. Bẹ́ẹ̀ ni, òkè yẹn kan náà tí mo kọ́ fún Naum ẹ̀gbọ́n rẹ ní ọdún kan kó tó lọ sí Sweden. Bí o bá fẹ́, padà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ìyá rẹ wà láyé, kò sí Sátidé kan tí kì í gòkè lọ gbálẹ̀, kó nu eruku kúrò lára ọ̀rá tí a fi bo àwọn àga, kó sì dáná sí sítóòfù ibẹ̀ nígbà òtútù kí ọ̀rinrin má baà ba ògiri jẹ́. Lẹ́yìn tí ó kú nínú oṣù kẹwàá tó kọjá, mo ti ilẹ̀kùn òkè pa, n kò sì débẹ̀ títí òtútù fi parí. Ọjọ́ tí mo padà ṣí i, ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti dúdú, bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí rí sì ń rùn bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún èèyàn ti sùn sórí rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò lè ra igi ìdáná tí yóò tó ìsàlẹ̀ àti òkè. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sọ fún ara mi pé, Spase, ó tó.

Mo ránṣẹ́ pe Zlate bíríkìlà, ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tí òun ń mọ ògiri tí èmi ń lẹ táìlì. O mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Ó ti ń mu kọfí nínú ilé ìdáná wa tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo dárúkọ ayálégbé ló tó wò ó dáadáa pé ìdí sítóòfù wa ni àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó lọ sókè ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Spase, wèrè wo ló ya púláànù ilé yìí fún yín? Ṣé ayálégbé á máa gba ẹ̀yìn ìkòkò ọbẹ̀ yín kọjá tòun ti táwẹ́ẹ̀lì nídìí?” Mo ní èmi ni wèrè náà.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí Naum àti ìyàwó tí yóò fẹ́ máa gba iwájú wa kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, kí àwọn ọmọ wọn máa kí wa, kí ìyá rẹ sì máa fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń gòkè. Ní àdúgbò wa, ta ló kọ́lé lọ́nà mìíràn? Bàbá nísàlẹ̀, ọmọkùnrin lókè, a ó sì jẹ́ kí irin òpó yọrí lókè ilé de ọmọ ọmọ tí yóò kọ́ àjà kẹta lé e. Kò sẹ́ni tó rò ó pé àlejò lè gbé ibẹ̀ láéláé. Mo bi Zlate léèrè ibi tí àtẹ̀gùn tirẹ̀ gbà. Ó wo ilẹ̀, ó ní inú ilé ìdáná ni. Ọmọ tirẹ̀ ti pé ọdún mẹ́tàlá ní Melbourne.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. A fọ́ fèrèsé òkè tó kọjú sí àgbàlá, a sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà. Wẹ́dà kan fi irin ṣe àtẹ̀gùn síta, a sì gé ẹ̀ka àjàrà kúrò lọ́nà rẹ̀. Cveta tó ń gbé lódìkejì ọgbà yọjú, ó ní, “Bàbá Naum, ṣé ẹ ti fẹ́ sọ ilé ọmọ yín di hòtẹ́ẹ̀lì ni?” Ó ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára, torí hòtẹ́ẹ̀lì gan-an ni Naum sùn sí nígbà tó wá sìnkú ìyá rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé nítorí ìyàwó rẹ̀ ni.

Pọ́ḿbà ṣí àwọn ẹ̀rọ omi tí ẹnikẹ́ni kò lò rí láti ọdún méjìlélógún. Omi tó jáde pọ́n bíi kọfí fún bí ìdajì wákàtí, gbogbo rọ́bà inú wọn ló sì ti gbẹ. Ó ní, “Bàbá, tuntun ni gbogbo nǹkan yìí, ó sì ti gbó.” Táìlì ilé ìwẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Mo fi ìka gbá wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti ògiri dé ògiri, kò sí ẹyọ kan tó ṣí. Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ló bàjẹ́, nítorí pé ọdún méjì ni mo fi lẹ ilé ìwẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ rí ju tèmi àti ti ìyá rẹ lọ.

Nígbà tí a ń kó àwọn àga síta ni mo rí nǹkan. Àga mẹ́fà ni a rà sídìí tábìlì ìjẹun Naum, ọ̀rá ṣì wà lára márùn-ún. Ìkẹfà wà lẹ́bàá fèrèsé, kò ní ọ̀rá, ìjókòó rẹ̀ sì ti rì wọlé. Awò ojú ìyá rẹ àtijọ́ wà lójú fèrèsé níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré tó kọ nọ́ńbà fóònù yín sí. Mo wá mọ̀ pé gbígbálẹ̀ nìkan kọ́ ló máa ń gòkè lọ ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ló ti máa ń pè yín, níbi tí n kò ti ní gbọ́ ohun tí ẹ ń bá ara yín sọ. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni a fi jẹ́ tọkọtaya, n kò sì mọ̀ pé ó ní àga kan tó máa ń sá lọ jókòó sí.

Kí n tó sọ èyí tó tẹ̀lé e, jẹ́ kí n dé ibi ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ti ń yẹra fún láti ọdún mẹ́sàn-án. O kò lè gbàgbé ọjọ́ tí à ń yan ata tí a ó tọ́jú de ìgbà òtútù nínú àgbàlá, tí àwọn aládùúgbò pé jọ, tí èéfín gba gbogbo ojú. Onílé yín ti ta ilé mọ́ yín lórí, oṣù kan péré ló fún yín láti kó jáde. O gbé Jana mọ́ra, o dúró tì mí nídìí iná, o ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkè háyà fún wa. Iye tá à ń san fún onílé la ó máa san fún yín. Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Naum bá láwọn ń bọ̀, a ó kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan.”

O ní kí n gba owó lọ́wọ́ rẹ bí àjèjì, èmi náà sì dá ọ lóhùn bí àjèjì. Mo ní òkè ti ní ẹni tó ni ín, mo ní ilé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, kì í padà wá gba ilé bàbá rẹ̀. Kò tó mi bẹ́ẹ̀. Mo kọjú sí Pande lójú gbogbo èèyàn, mo ní, “Ọkùnrin tó bá kó sílé àna ẹ̀, adìyẹ ilé ọ̀hún gan-an á máa pàṣẹ fún un. Ṣé ohun tó wù ẹ́ nìyẹn?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Pande kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó sì bá wa yan àpò ata méjì tó kù tán kó tó máa lọ. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ẹ kó lọ sí Ljubljana. Ẹyin lohùn, Ratka. Nígbà tó bọ́ lẹ́nu mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí a fi bíríkì dí àtẹ̀gùn inú ilé, mo pe Naum láti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní òun ló ni ilé, n kò lè dí ọ̀nà ilé onílé láìsọ fún un. Mo tún sọ fún un nípa àga ìyá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ tún ń bi mí sí? Látìgbà tá a ti bí Elin ni mo ti sọ fún Màámi pé mi ò ní padà wá gbé. Mo ní kí wọ́n gbé òkè yẹn fún Ratka.” Elin, ọmọ rẹ̀ àgbà, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ní, “Wọ́n ní bàbá yín ṣì ń lẹ táìlì ilé ìwẹ̀ rẹ lókè, pé kí n jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀ ná. Wọ́n láwọn á wá ọjọ́ tó dáa sọ ọ́ fún yín. Mo rò pé wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́, Bàbá. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ gbọ́ ni.”

Mo parí ilé ìwẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún àjà òrùlé ṣe. Lẹ́yìn àjà mo pààrọ̀ fèrèsé. N kò parí rárá, ìyá rẹ kò sì rí ọjọ́ tó dáa náà títí ikú fi mú un lọ. Bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ wá bẹ̀ mí nídìí ata, ó ti pé ọdún méje tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti yọwọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fi dù ọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mo ń pa á mọ́ de ẹni tí kò bèèrè rẹ̀, mo sì lé ẹni tó bèèrè rẹ̀ kúrò nílùú.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bínú sí òkú. Mo lọ sídìí ibojì rẹ̀, mo dúró, n kò tan àbẹ́là, mo ní, “Fanija, ohun tó o ṣe fún mi yìí kò dáa.” Ìgbà tí mo ń padà bọ̀ wálé ni mo wá bi ara mi pé ta ló kọ́ ìyá rẹ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù mi. Bí ìyàwó èèyàn bá fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá ọjọ́ tó dáa tí yóò fi sọ òtítọ́ fún un, kì í ṣe àwọn ọjọ́ náà ni kò dáa. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, mo tan àbẹ́là méjì, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ó sọ fún ọ? Bí o bá ti mọ̀ lọ́jọ́ tí o dúró tì mí nídìí iná yẹn, jọ̀wọ́, má sọ fún mi.

Iṣẹ́ ti parí báyìí. Ọwọ́ mi ni mo fi to bíríkì tó kẹ́yìn sí ojú àtẹ̀gùn inú ilé, Zlate kàn ń po sìmẹ́ńtì fún mi ni. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dosta àti ọkọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì ló fẹ́ gba òkè, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó wọlé. Ọmọlúàbí ni obìnrin náà, ó kí mi dáadáa kó tó wo ilé. Ṣùgbọ́n mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, pé ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi.

Ìwọ ni. Bí o bá fẹ́ òkè náà, tìrẹ ni, kì í ṣe háyà, kì í ṣe àyálò. Màá mú agbẹjọ́rò kọ ọ́ sí orúkọ rẹ, Naum ti fọwọ́ sí i. Ó ti ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, Pande kò ní gba iwájú mi kọjá, kò sì sí adìyẹ kankan nínú ọgbà mi mọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín wà lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé Jana ti ń gbọ́ èdè wọn ju tiwa lọ. Síbẹ̀, mo ń bẹ̀ ọ́, ẹ padà wá sílé. N kò rántí ìgbà tí mo kọ “mo ń bẹ̀ ọ́” sí ẹnikẹ́ni rí. Mo wo ìwé yìí pẹ́ kí n tó kọ ọ́.

Ka ibí yìí sí ọkọ rẹ létí. Pande, ọmọ mi, mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú àgbàlá mi lójú àwọn aládùúgbò, o sì dúró bá mi ṣiṣẹ́ tán. Ìwọ ni àgbà lọ́jọ́ náà, èmi ni ọmọdé. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Kí Ó jẹ́ kí ẹ jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹ kọ́lé fún ẹni tí kò ní gbé e. Kí Jana gbó, kó tọ́, kó má ṣe bẹ̀rù láti bá ẹ̀yin òbí rẹ̀ sọ ohunkóhun. Kí ìyá rẹ sinmi ní àlàáfíà.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Spase.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo ti lẹ àpòòwé yìí pa láàárọ̀ yìí, bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ń wá, nígbà tí fóònù dún. Pande ni, Pande tí kì í pè mí àfi lọ́jọ́ Àjíǹde. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. A ti ra ilé o. Àná la gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ratka ní kí n fẹnu ara mi sọ fún yín.” Mo ní ẹ kú oríire. Ó ní, “Yàrá mẹ́ta ni. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, tiyín nìyẹn. À ń kùn ún lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀dì ti wà nílẹ̀. Ratka lóun ò fẹ́ rí ẹrù ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, ó ní ẹ̀yin lẹ ń bọ̀.” Mo sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, mo sì pa fóònù, nítorí n kò fẹ́ kó gbọ́ bí ohùn mi ṣe rí. Ọkùnrin tí n kò gbà sílé mi ló ti pín yàrá fún mi nínú tirẹ̀.

Nítorí náà, má wulẹ̀ dáhùn ohun tí mo bi ọ́ nípa òkè pẹtẹ́ẹ̀sì. Mo ti pe Dosta, mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ilé tí ẹ rà yóò tù yín lára, inú mi sì dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí. Ṣùgbọ́n Ratka, ìyá rẹ wà nínú ilẹ̀ níbí, àyè tèmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màá wá kí yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ara bá gbà. Gbígbé ni n kò ní wá gbé. Ẹ fún Jana ní yàrá yẹn, tàbí kí ẹ fi gba ayálégbé, akẹ́kọ̀ọ́ kan á ṣáà wà níbẹ̀ yẹn tó ń wá ibi tí yóò sùn sí. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà yìí, èyí ló nira jù fún mi. Mo ń kọ ọ́ lónìí, nígbà tí ọ̀dà ògiri yàrá náà kò tíì gbẹ, nítorí pé ẹni tí kò ní wá, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, kó sì tètè sọ ọ́.